Èsúrú Oko àti Èsúrú Igbó

Àgbẹ̀ oníṣu ni àwa ará Òwu-Ìsin àti gbogbo Ìgbómìnà. A mọ iṣu, a mọ ewùrà, a sì mọ èsúrú. Èsúrú kò ṣeé gún níyán. Òun ni wọ́n ṣe ń pòwe pé, èsúrú ṣe fújà, ó tẹ́ lọ́wọ́ oníyán. Ṣùgbọ́n bí a bá sè é, tí a fi epo àti iyọ̀ jẹ ẹ́, ó dùn.

Ẹ wo ewé rẹ̀. Ewé iṣu, ẹyọ kan ni lórí ọ̀pá rẹ̀. Ti èsúrú, mẹ́ta ló so pọ̀ lórí ọ̀pá kan. Ìtàkùn rẹ̀ lẹ́gùn-ún. Inú òmíràn funfun, inú òmíràn pọ́n rúsúrúsú.

Ọjọ́ tí ẹ bá wa èsúrú ni kí ẹ sè é. Bí ó bá sun ilẹ̀, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í le. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ó ti dà bí igi. Kò sí iná tí yóò mú un rọ̀. Ní 2020, àwọn onímọ̀ láti Kamẹrúùnù àti Jámánì tẹ ìwé jáde lórí èsúrú kan tí kì í le bẹ́ẹ̀.

Èyí tó léwu wà nínú igbó. Èsúrú kan ń hù níbẹ̀ fúnra rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò gbìn. Òun náà ní ewé mẹ́ta, òun náà lẹ́gùn-ún. Ẹni tó bá fi ewé nìkan dá a mọ̀ lè ṣìṣe. Oró wà nínú rẹ̀. Gìrì lè mú ẹni tó jẹ ẹ́, ó sì lè pa á. Àwọn àgbẹ̀ kan a máa gbìn ín sáàárín èsúrú rere láti fi dẹ́rù ba olè. Èmi ò fara mọ́ ọn o. Ọmọ ilé ẹni náà lè wà á.

Nígbà ìyàn, àwọn àgbà jẹ ẹ́. Wọ́n á gé e wẹ́wẹ́, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú odò tó ń ṣàn fún ọjọ́ mélòó kan kí omi lè fa oró rẹ̀ lọ, kí wọ́n tó sè é. Sísè nìkan kò tó. Iṣẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ni, ojú kò sì lè rí oró tó ṣẹ́ kù. Nítorí náà, nígbà tí iṣu àtijọ́ bá tán, tí titun kò tíì jáde, ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ lọ wa èsúrú nínú igbó.

Bí ẹnìkan bá ti jẹ ẹ́, ẹ má rọ epo pupa sí i lẹ́nu. Ó lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù kíákíá, kí ẹ sì mú èyí tó kù nínú ìkòkò dání, kí dókítà lè rí i.