Ẹnu Àkọ̀ Ni Kí O Ṣọ́

Akínwálé ọmọ mi,

O ní igi hickory lo fẹ́ fi gbẹ́ ọrun tí a lè tú sí méjì kó lè wọ àpò, àti pé àkọ̀ fáíbà tí a fi epoxy lẹ̀, tí igi máa wọ̀ ní íǹṣì 2 péré, lo fẹ́ fi so ó níbi ìdìmú, kó má baà rí wúruwùru. Ẹwà yẹn ni kò jẹ́ kí n dákẹ́. Bí a bá fa ọsán, apá ọrun tó ń tẹ̀ ni gbogbo ojú ń wò, ṣùgbọ́n ibi ìdìmú tí kò tẹ̀ gan-an ni ipá ti pọ̀ jù. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń jẹ́ kó nípọn níbẹ̀: igi tó bá nípọn ní ìlọ́po méjì, líle rẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́jọ. Ibẹ̀ gan-an lo wá fẹ́ gé. Kò burú, àmọ́ ẹnu àkọ̀ ni igi á ti máa tì síta bí ẹni ń fi irin tú ìdérí àpótí, bí gígùn tó wọlé bá sì dín sí ìdajì, ipá tó ń ti ẹnu náà á di ìlọ́po méjì. Jẹ́ kó wọlé tó íǹṣì 4 níhà kọ̀ọ̀kan. A máa ń sọ pé bí ọsán bá já, ọrun á di ọ̀pá. Ọsán ṣeé pààrọ̀. Àkọ̀ tó bá là nígbà tí o fà á dé etí, ojú rẹ ni igi ń bọ̀ wá bá.

Ní ti fáíbà tí o máa fi ṣe àkọ̀ náà, ìhà tí òwú rẹ̀ bá kọjú sí ni agbára rẹ̀ wà. Àwọn ará Tọ́kì àtijọ́ mọ irú ọgbọ́n yìí: iṣan ẹran ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ọrun torí ó gba fífà, ìwo ẹfọ̀n sì wà níkùn rẹ̀ torí ó gba fífún pọ̀. Nítorí náà, òwú tó lọ gbọọrọ ni kí o kọ́kọ́ tẹ́, òun ló ń gba ìtẹ̀. Kí o wá fi èyí tó yí po dì í, kó sì pọ̀ jù lẹ́nu àkọ̀, torí òun ni kì í jẹ́ kó là. Fi epoxy pa igi náà kó má baà máa mu omi. Bó bá gbẹ, fi ọ̀rá wé ìhà tí yóò máa yọ kó má baà lẹ̀, kí o sì jẹ́ kí igi náà tín-ín-rín díẹ̀ lọ síbi orí tó ń wọ inú àkọ̀.

Wọ́n á ní páìpù irin yá jù. Ó yá lóòótọ́, irin sì lágbára; ṣùgbọ́n igi ló máa wá bá páìpù mu, bí páìpù bá sì rí roboto, apá kan lè yí mọ́ ọ lọ́wọ́. Àkọ̀ tí a wé sára igi fúnra rẹ̀, tó rí bí ẹyin, kì í yí. Ti ìwúwo ńkọ́? Ṣóńṣó ọrun ni ìwúwo ti ń dín eré ọfà kù. Níbi ìdìmú, ńṣe ló ń mú ọwọ́ dúró. Ẹni tó bá sọ pé ọrun tí a kò gé lágbára jù, òótọ́ ló sọ, àmọ́ kò ní wọ àpò rẹ.

Wọ ìbòmú bí o bá ń fi sáńpépà ha fáíbà. Má fà á dópin lọ́jọ́ kìíní; bí ẹnu àkọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í funfun, ó ti ń là nínú nìyẹn, gbé e sílẹ̀. Jọ̀ọ́, kọ ìwọ̀n ibi ìdìmú náà ránṣẹ́ sí mi kí o tó po epoxy.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ