Rọ́bà Tó Gan Bí Igi Nínú Kọ̀ǹpútà

Ẹ mú pure water kan tó kún dáadáa, kí ẹ fún un lọ́wọ́. Ṣé ó kéré sí i? Rárá o. Bí ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́ níhìn-ín ló ń wú lọ́hùn-ún. Fọ́lúùmù rẹ̀ ò yí padà. Bẹ́ẹ̀ náà ni rọ́bà táyà ṣe rí.

Nọ́ńbà tó ń sọ èyí fún wa là ń pè ní ìpín Poisson. Orúkọ ará Faransé kan ni, Siméon Denis Poisson (1781–1840). A máa ń kọ ọ́ ní ν. Ti irin jẹ́ nǹkan bí 0.3, ti rọ́bà fẹ́rẹ̀ẹ́ kan 0.5. Ẹ wo fọ́múlá yìí:

K = E ÷ [3(1 − 2ν)]

E ni bí nǹkan ṣe le tó tí a bá ń fà á. K ni bó ṣe le tó tí a bá ń fún un pọ̀ láti ìhà gbogbo. Tí ν bá jẹ́ 0.3, K jẹ́ nǹkan bí 0.83E. Tí ν bá jẹ́ 0.4999, K di nǹkan bí 1,667E! Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Kí kọ̀ǹpútà tó lè ṣírò bí rọ́bà yóò ṣe tẹ̀, á kọ́kọ́ pín in sí wẹ́wẹ́ bíi búlọ́ọ̀kù. Ọ̀nà yìí ni Ray Clough sọ ní "finite element" lọ́dún 1960. Búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan ní igun 8, ṣùgbọ́n búlọ́ọ̀kù 8 ló ń pín igun kan lò. Nítorí náà, igun 1 ló kan búlọ́ọ̀kù 1, igun yẹn sì lè lọ sí ọ̀nà 3 péré. Àmọ́ ibi 8 ni kọ̀ǹpútà ti ń yẹ búlọ́ọ̀kù kan wò, á sì máa pàṣẹ níbi kọ̀ọ̀kan pé fọ́lúùmù ò gbọdọ̀ yí padà. Àṣẹ 8, ọ̀nà 3! Búlọ́ọ̀kù á gan bí igi ni. Kọ̀ǹpútà ò sì ní pariwo; á kàn sọ pé rọ́bà le ju bó ṣe le lọ. Ẹni tó bá fi ìdáhùn yẹn ṣe táyà ti kó sí gbèsè.

Ṣé ká wá pín in kéékèèké sí i? Ìyẹn gba àkókò. Tí a bá gé ẹ̀gbẹ́ búlọ́ọ̀kù sí ìdajì, iye búlọ́ọ̀kù á di ìlọ́po 8.

Ọgbọ́n tó dín iṣẹ́ kù nìyí: ká yẹ ọ̀rọ̀ fọ́lúùmù wò níbi 1 péré, láàárín búlọ́ọ̀kù, ká sì fi ibi 8 sílẹ̀ fún ìyípadà ìrísí. Àṣẹ 1, ọ̀nà 3: búlọ́ọ̀kù á rí àyè mí. Ẹ má fi ibi 1 yẹ gbogbo rẹ̀ wò o, torí búlọ́ọ̀kù lè wọ́ kọdọrọ láìjẹ́ pé àárín rẹ̀ mọ̀.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé kì í ṣe gbogbo ìṣòro ló ń fẹ́ kọ̀ǹpútà ńlá. Nígbà míì, ìbéèrè là ń bi jù.

Iṣẹ́ ṣíṣe: Tí ν bá jẹ́ 0.495, ìlọ́po mélòó E ni K? Ẹ kọ ìdáhùn yín sínú ìwé, kí ẹ fi iṣẹ́ yín hàn.