Bí Ìjọba Ṣe Ń Pinnu Nígbà Ogun: Ohun Tí Ogun Abẹ́lé Nàìjíríà Kọ́ Wa

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé, 27 oṣù Karùn-ún 1967, Yakubu Gowon, olórí ìjọba ológun Nàìjíríà, sọ̀rọ̀ lórí rédíò ní Èkó, ó sì pín ẹkùn mẹ́rin tí Nàìjíríà ní nígbà náà sí ìpínlẹ̀ 12. Ìbọn kò tíì dún. Ó di ọjọ́ 6 oṣù Keje kí ogun tó bẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ìjọba ṣe ń ronú nígbà ogun, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo máa ń ní kó ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé orí ìwé àṣẹ ni wọ́n ti kọ́kọ́ ja ogun náà.

Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ wò ó. Ọjọ́ yẹn kan náà ni ìgbìmọ̀ tó ń bá Ojukwu, gómìnà ológun Ìlà-Oòrùn, dámọ̀ràn ní Enugu fún un láṣẹ pé kó kéde Ìlà-Oòrùn ní orílẹ̀-èdè tó dá dúró láìpẹ́. Gowon rí i pé bí òun bá dúró, ọ̀rọ̀ á bọ́ lọ́wọ́ òun. Ló bá pín Ìlà-Oòrùn sí mẹ́ta: ọ̀kan fún àwọn Ìgbò, ọ̀kan fún àwọn ará Calabar, Uyo àti Ogoja, ọ̀kan fún àwọn ará Rivers. Ó gé Àríwá sí mẹ́fà, kí ẹ̀rù tó ń ba àwọn ẹkùn yòókù pé Àríwá á gbé wọn mì lè dín kù. Ìkẹjà, Bàdágìrì, Ẹ̀pẹ́ àti Ìkòròdú kúrò lábẹ́ ìjọba Ìbàdàn, wọ́n dà pọ̀ mọ́ Èkó, wọ́n sì di ìpínlẹ̀ kan, Mobolaji Johnson sì di gómìnà ibẹ̀.

Kí ló wá pa ìpínlẹ̀ dídá pọ̀ mọ́ ogun? Kí òmìnira tó dé ni àwọn Ijaw, Ibibio, Efik àti àwọn ẹ̀yà kéékèèké mìíràn ní Ìlà-Oòrùn ti ń bẹ̀bẹ̀ fún ìpínlẹ̀ tiwọn. Ìgbìmọ̀ Willink tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán wá gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn wọn, ó sì jábọ̀ lọ́dún 1958, ṣùgbọ́n kò fún wọn ní ìpínlẹ̀. Ohun tí ẹ̀bẹ̀ kò rí gbà láyé àlàáfíà, ìbẹ̀rù ogun fún wọn lálẹ́ ọjọ́ kan. (Ẹ fi èyí sọ́kàn: ìjọba kì í sábà lawọ́ bí ìgbà tí ọwọ́ bá tẹ̀ ẹ́ lọ́rùn.) Láti ọjọ́ yẹn, ọ̀dọ́ Ijaw kan ti ní ìdí tirẹ̀ tí kò fi ní jà fún Biafra, orúkọ tí Ojukwu fún Ìlà-Oòrùn. Isaac Boro, tó fẹ́ ya Niger Delta kúrò lára Nàìjíríà ní 1966, tí wọ́n sì tìtorí ẹ̀ jù sẹ́wọ̀n, wọ aṣọ ológun ìjọba àpapọ̀, ojú ogun ló sì kú sí ní 1968. Ẹ tún wo àwòrán ilẹ̀: Port Harcourt àti Bonny, èbúté epo rọ̀bì, bọ́ sí ìpínlẹ̀ Rivers. Lórí ìwé, ìpinnu kan ṣoṣo ti gba èèyàn àti epo lọ́wọ́ Ojukwu kí sójà kan tó ṣí ẹsẹ̀.

Ta ló ń pinnu? Kò sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin mọ́ láti ìgbà tí ológun ti gbàjọba ní 1966. Àwọn ọ̀gágun díẹ̀ ló ń jókòó pinnu. Ní oṣù Kẹfà 1967 ni wọ́n mú àwọn olóṣèlú mọ́ra, Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sì wà lára wọn. Kò tíì pé ọdún kan tí Gowon tú u sílẹ̀ lẹ́wọ̀n Calabar, ló bá di kọmíṣánnà ètò ìnáwó àti igbákejì alága ìgbìmọ̀ ìjọba. Ìpinnu yá kánkán láàárín èèyàn díẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tó sọnù ni ẹni tí ipò rẹ̀ gbà á láyè láti dìde ní gbangba béèrè pé, “Ta ni yóò jìyà èyí?”

Ọ̀rọ̀ owó ló fi èyí hàn jù. Owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere, òun náà ló sì ń gbé ọta ìbọn dé ojú ogun. Ní oṣù Kẹjọ 1967, àwọn ọmọ ogun Biafra sọdá afárá Onitsha, wọ́n gba ìlú Benin, wọ́n sì kó owó tó wà ní ẹ̀ka Báńkì Àpapọ̀ níbẹ̀. Wọ́n ń kó owó Nàìjíríà lọ sí Yúróòpù, wọ́n ń ṣẹ́ ẹ sí owó òkèèrè, wọ́n sì fi ń ra ìbọn. Ìyẹn ni pé owó Nàìjíríà ló ń ra ọta tó ń pa sójà Nàìjíríà. Ní oṣù Kìíní 1968, ìjọba àpapọ̀ yí owó bébà padà. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ péré ni wọ́n fún aráàlú láti kó ti àtijọ́ wá sí báńkì, lẹ́yìn náà ó di bébà lásán. Ohun tí onílé tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ olè máa ń ṣe ni wọ́n ṣe: wọn kò lé olè kiri, àgádágodo ni wọ́n pààrọ̀. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ fún Biafra wá ń sáré ta èyí tó kù lọ́wọ́ wọn lówó pọ́ọ́kú. Ọkọ̀ òfuurufú kan tó kó o balẹ̀ sí Lomé, àwọn aláṣẹ Togo sì mú un. Nígbà tí oṣù náà ń parí lọ, Biafra tẹ owó tirẹ̀ jáde, ṣílè márùn-ún àti pọ́ọ̀nù kan, ṣùgbọ́n ta ní òkèèrè ni yóò gbà á?

Gẹ́gẹ́ bí ọgbọ́n ogun, n kò rí àléébù nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyálọ́jà ní Aba tó fi owó sábẹ́ àpótí náà ní owó àtijọ́, kò sì sí báńkì Nàìjíríà kankan tó lè gbé e lọ. Àṣẹ tó ré owó lọ́wọ́ olùra ìbọn ré e lọ́wọ́ tirẹ̀ pẹ̀lú.

Ti oúnjẹ tún burú ju ìyẹn lọ. Nàìjíríà dí ọ̀nà omi àti ọ̀nà ilẹ̀ mọ́ Biafra. Àwọn méjèèjì kò fẹnu kò lórí ọ̀nà tí oúnjẹ ìrànwọ́ yóò gbà wọlé, àwọn ọmọdé sì ń kú. Ní 1983, nígbà tí wọ́n bi Awólọ́wọ̀ léèrè nípa rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, ó ní àwọn sójà Biafra ló ń gba oúnjẹ náà mọ́ aráàlú lọ́wọ́. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí oúnjẹ bá dáwọ́ dúró, ọmọdé ni ebi máa ń kọ́kọ́ pa, kì í ṣe sójà.

Ìyà náà dé ọ̀dọ̀ tiwa nílẹ̀ Yorùbá. Awólọ́wọ̀ máa ń fi yangàn pé wọn kò yáwó lókèèrè fi jagun. Abẹ́lé ni owó náà ti wá nígbà náà. Owó orí wọ àwọn àgbẹ̀ kòkó lọ́rùn, owó tí bọ́ọ̀dù ìjọba tó ń ra kòkó ń san fún wọn kò sì tó nǹkan. Ní ìparí 1968, ọ̀tẹ̀ àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Agbẹ́kọ̀yà bẹ́ sílẹ̀ nílẹ̀ Ìbàdàn àti àyíká rẹ̀. Wọ́n pa Ṣọ̀ún Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1969, wọ́n sì fọ́ ẹ̀wọ̀n Agodi ní Ìbàdàn. Awólọ́wọ̀ fúnra rẹ̀ ló lọ bá Tafa Adeoye, olórí wọn, ní Akanran, kí ìjọba tó sọ owó orí di pọ́ọ̀nù méjì. Bẹ́ẹ̀ ìjà ṣì ń lọ ní Ìlà-Oòrùn.

Ní ọjọ́ 15 oṣù Kìíní 1970, Biafra juwọ́ sílẹ̀. Bí a bá ń jà, bíi ká kú kọ́: Gowon ní kò sí aṣẹ́gun, kò sì sí ẹni tí wọ́n ṣẹ́gun, kò sì gbé àwọn ọ̀gágun Biafra lọ sílé ẹjọ́ láti pa wọ́n. Mo gbà pé ìpinnu náà dára ju gbogbo ohun tó ṣe lójú ogun lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá lo àkáǹtì báńkì rẹ̀ nígbà ogun, pọ́ọ̀nù 20 ni ìjọba ní kó gbà, iye yòówù kó ní níbẹ̀. Ní 1972, nígbà tí òfin ní kí àwọn àjèjì ta ìpín ilé-iṣẹ́ wọn fún ọmọ Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ Ìgbò kò rówó rà á. Owó tí wọ́n yí padà ní 1968, ogun la lè fi ṣàlàyé rẹ̀. Ti pọ́ọ̀nù 20 kò ní àlàyé bẹ́ẹ̀. Ìbọn ti dákẹ́, kò sí ọ̀tá tí wọ́n fẹ́ gba ohun ìjà lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Owó olówó ni wọ́n jẹ.