Ìdánwò JAMB: Má Fi Etí Dáhùn Ìbéèrè Gírámà

Nínú ẹ̀kọ́ ti oṣù yìí, a fẹ́ yẹ ìbéèrè gírámà inú ìdánwò JAMB wò. Ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń jókòó ti Físíìsì àti Ìṣirò mọ́jú, ṣùgbọ́n bí ó bá kan Gẹ̀ẹ́sì, a ó ní, "Gẹ̀ẹ́sì tí à ń sọ lójoojúmọ́? Kí ni ó kù tí a fẹ́ kà níbẹ̀?" Ọ̀rọ̀ yìí ń ṣe àkóbá fún wa.

Ọdún 1978 ni ìjọba àpapọ̀ dá àjọ JAMB sílẹ̀. Láti 2010, ìdánwò kan náà, UTME, ni ẹni tí ń lọ sí yunifásítì bíi UNILAG ní Akọka, ẹni tí ń lọ sí pólí bíi Yaba Tech, àti ẹni tí ń lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni jọ ń ṣe. Láti 2015 ni gbogbo rẹ̀ ti di orí kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ mẹ́rin ni olúkúlùkù ń ṣe. Ohun tí ẹnì kan fẹ́ lọ kọ́ ni yóò sọ mẹ́ta nínú wọn, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ dandan fún gbogbo ènìyàn. Ìbéèrè 60 ni ti Gẹ̀ẹ́sì, 40 ni ti ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn yòókù. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 180, wákàtí méjì péré sì ni a fi ń dáhùn wọn. Bí a bá pín in, ìṣẹ́jú-àáyá 40 ni ó kan ìbéèrè kan.

Nítorí ìkánjú yìí, etí ni ọ̀pọ̀ ń gbára lé. Èyí tí ó bá dùn létí ni wọn a mú. Etí kò lè ṣe adájọ́ òdodo níhìn-ín, nítorí ìdí méjì. Èkíní, Gẹ̀ẹ́sì tí à ń gbọ́ nínú dánfó láti Ojúẹlẹ́gba dé Mushin ní àṣìṣe púpọ̀ tí ó ti mọ́ wa lára. Èkejì, òfin Yorùbá tí a fi ń ronú yàtọ̀ sí ti Gẹ̀ẹ́sì. Yorùbá kọ́ ni ó jẹ̀bi o! Ẹni tí ó bá mọ ibi tí èdè méjèèjì ti pínyà ti mọ ibi tí olùbéèrè máa ń dẹ pańpẹ́ sí. Ẹ jẹ́ kí á wo márùn-ún nínú ibẹ̀.

Ẹ̀kọ́ kìíní: Olùwà àti ọ̀rọ̀-ìṣe. A máa ń sọ pé, "Ọmọ náà lọ", "Àwọn ọmọ náà lọ". "Lọ" kò yí padà, ìbáà jẹ́ ẹnì kan tàbí ọgọ́rùn-ún. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ó gbọ́dọ̀ yí padà. Olùbéèrè yóò wá kó ọ̀rọ̀ púpọ̀ sáàárín olùwà àti ọ̀rọ̀-ìṣe kí ojú wa lè fò: "The list of the candidates ___ on the board." Etí gbọ́ "candidates", ó sì fẹ́ mú "are". Kí ni ó wà lára bọ́ọ̀dù? "List" ni, ẹyọ kan ni, nítorí náà "is" ni ìdáhùn. Bákan náà, "as well as" àti "together with" kì í sọ ẹyọ di ọ̀pọ̀: "The chairman, as well as his members, has arrived."

Ẹ̀kọ́ kejì: Ọ̀rọ̀ tí kì í gba "s". A lè sọ pé "àwọn ẹrù", "àwọn ìmọ̀ràn", kò sì sí ohun tí ó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí "luggages" tàbí "advices". Kò sí "furnitures", "equipments" àti "informations" pẹ̀lú. "News" ní "s" nídìí, síbẹ̀ ẹyọ ni: "The news is good."

Ẹ̀kọ́ kẹta: Ọ̀rọ̀ kékeré tí ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀-ìṣe. Nítorí pé à ń "sọ̀rọ̀ nípa" nǹkan, a máa ń kọ "discuss about". Nítorí pé à ń "béèrè fún" nǹkan, a máa ń kọ "They requested for a form". Àṣìṣe ni méjèèjì. "They discussed the matter" àti "They requested a form" ni ó tọ́. Ṣùgbọ́n bí "request" bá jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ, ó lè gba "for": "their request for a form".

Ẹ̀kọ́ kẹrin: "Ara wọn". Bí Músá àti Àlíù bá pàdé, a ó ní wọ́n kí ara wọn. Bí a bá kọ "They greeted themselves", ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé Músá kí Músá, Àlíù sì kí Àlíù! "They greeted each other" ni ó tọ́.

Ẹ̀kọ́ karùn-ún: "Àbí?" Ọ̀rọ̀ kan yìí tó wa fún gbogbo ìbéèrè, a sì ti sọ "isn't it?" di "àbí" Gẹ̀ẹ́sì. Gẹ̀ẹ́sì ń fẹ́ kí ìrù gbólóhùn bá orí rẹ̀ mu. Bí orí bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ìrù yóò jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́: "He came, didn't he?" Bí orí bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, ìrù yóò jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni: "You have not eaten, have you?" Kí á ṣọ́ra fún "hardly" àti "seldom". Wọn kò ní "not" lára, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ kọ́ ni wọ́n.

Ọ̀nà ìdáhùn. Ka gbólóhùn náà dópin. Wá ọ̀rọ̀-ìṣe. Béèrè ẹni tí ó ni ín, kí o sì yọ ohun tí ó wà láàárín wọn kúrò nínú ọkàn rẹ. Wo àsìkò tí nǹkan náà ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni kí o tó wo A dé D. Ẹni tí ó bá ti fi ṣe ìdánrawò dáadáa, ìṣẹ́jú-àáyá 40 yóò tó o.

Dán ara rẹ wò:
1. "The quality of the books sold at Yaba ___ improved." A. have B. has C. are D. were
2. "They ___ the matter yesterday." A. discussed about B. have discussed C. discussed on D. discussed
3. "She hardly eats in the afternoon, ___?" A. isn't it B. doesn't she C. does she D. is she

Ìdáhùn: 1 ni B, nítorí "quality" ni olùwà. 2 ni D. "Yesterday" kì í bá "have" rìn, "discuss" kì í sì í gba "about" tàbí "on". 3 ni C, nítorí "hardly" ti sọ orí gbólóhùn di bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ẹ kó ara yín jọ ní ẹni mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ́sẹ̀, kí ẹ mú ìbéèrè àtijọ́ dání. Bí ẹnì kan bá mú ìdáhùn, kí èkejì bi í pé, "Kí ni ìdí rẹ̀?" Bí ó bá ní, "Ó dùn létí mi ni", kò tíì dáhùn. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni ìdánwò yìí ń wáyé. Máàkì díẹ̀ lè mú kí ẹnì kan wọlé, kí ẹnì kejì sì tún dúró de ọdún mìíràn. Ẹni tí ó mọ ìdí ìdáhùn rẹ̀ kò ní fi owó òbí rẹ̀ ra ìdáhùn lọ́wọ́ oníjìbìtì. Kí Ọlọ́hun fi àṣeyọrí sí iṣẹ́ wa. Àmín.