Ẹ Sanwó Mẹkáníìkì Kí Ẹ Tó Sanwó Dílà

ÌBÉÈRÈ

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Nọ́ọ̀sì ni mí, Ìbàdàn sì ni èmi àti ọkọ mi ń gbé. Ó ti pẹ́ tí a ti ń dá àjọ ká lè ra mọ́tò tó sàn ju èyí tí à ń lò lọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a rí Toyota Camry kan l'Ékòó, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Muscle, ti ọdún 2008. Tòkunbọ̀ ni. Ara rẹ̀ ń dán, ẹ́ńjìnì rẹ̀ kò pariwo rárá. Dílà tó ń tà á ní ẹnì kan ń bọ̀ láti Àbújá lọ́la pẹ̀lú owó lọ́wọ́, pé bí a bá fẹ́ kí òun dá a dúró fún wa, ká san 500,000 náírà sílẹ̀. Mo ní kí n pe mẹkáníìkì mi wá wò ó, ló bá fajú ro, ó ní ṣé irọ́ ni òun ń pa fún wa ni.

Ìkejì ni pé a fẹ́ ta Camry wa àtijọ́, Pencil Light, ká fi owó rẹ̀ kún un. Gíà rẹ̀ kò dáa mọ́. Tó bá ti gbóná, ẹ́ńjìnì á máa ké, mọ́tò ò sì ní sáré. Àbúrò ọkọ mi ní ká jẹ́ kí rewáyà fi ẹ̀rọ pa iná tó ń tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, ká fọ̀ ọ́ mọ́, ká gbé e síta fún títà, ká má sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe nìyẹn. Ọkàn mi ò gbà á. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ká ṣe?

Nọ́ọ̀sì tọ́kàn rẹ̀ ò balẹ̀, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN

Arábìnrin mi, ẹ má san kọ́bọ̀ lé mọ́tò yẹn lórí títí tí mẹkáníìkì yín yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ará Àbújá bá dé lọ́la tó sì rà á, Ọlọ́run á fi ṣe é lóore. Camry Muscle pọ̀ l'Ékòó, ó sì pọ̀ n'Íbàdàn. Owó tó bá ti bọ́ sọ́wọ́ dílà ló ṣòro láti gbà padà, torí ojú bọ̀rọ̀ kọ́ la fi ń gba ọmọ lọ́wọ́ èkùrọ́. Ẹni tí ọjà rẹ̀ dá lójú kì í bínú sí mẹkáníìkì oníbàárà. Ìbínú dílà yẹn nìkan ti tó ìdí láti rọra ṣe.

Ìbéèrè méjì lẹ bi mí, ṣùgbọ́n inú ọ̀rọ̀ kan náà ni méjèèjì ti wá. Ohun tí ẹ ń bẹ̀rù pé dílà lè fi pamọ́ fún yín ni àbúrò ọkọ yín ní kí ẹ̀yin náà fi pamọ́ fún ẹlòmíràn. Gbogbo ohun tí a bá fẹ́ mọ̀ ká tó ra mọ́tò ló yẹ ká sọ nígbà tí a bá ń tà á. Orí ìyẹn ni màá dúró lé dá yín lóhùn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ibi tí irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ ti ń wá. Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tó ń gba èbúté Èkó wọlé, ọjà gbàǹjo ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti rà á. Àwọn kan nínú wọn dára. Ẹni tó ń lò ó kàn fẹ́ pààrọ̀ ni. Àwọn kan ti forí sọ nǹkan débi tí iléeṣẹ́ adójútòfò fi rí i pé àtúnṣe rẹ̀ kò bá owó mu, ni wọ́n bá sanwó fún ẹni tó ni ín, wọ́n wá ta àfọ́kù rẹ̀. Àwọn mìíràn ti mumi. Nígbà tí ìjì Katrina ba New Orleans jẹ́ lọ́dún 2005, àti nígbà tí ìjì Harvey rọ̀jò lé Houston lórí lọ́dún 2017, ọ̀kẹ́ àìmọye mọ́tò ló rì. Irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ kì í rí ẹni rà á ní iye gidi lọ́hùn-ún, ìdí nìyẹn tí òwò fi ń gbé àwọn kan nínú wọn gba orí òkun lọ síbi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ ìtàn wọn. Àwọn panẹ́ẹ̀lì-bítà wa sì mọṣẹ́. Bí imú mọ́tò bá ti wó wọ ẹ́ńjìnì, wọ́n á nà án, wọ́n á kùn ún, ara rẹ̀ á máa dán. Nítorí náà, ara tó ń dán kò tíì sọ nǹkan kan fún yín.

Nọ́ńbà ṣáṣí, èyí tí wọ́n ń pè ní VIN, ló máa sọ̀rọ̀. Lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 ni. Ẹ dúró lẹ́yìn òde gíláàsì iwájú, ẹ wo igun dáṣíbọ́ọ̀dù níwájú ibi tí awakọ̀ ń jókòó, ẹ ó rí i lórí irin pẹlẹbẹ tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀, ẹ ó tún rí i lórí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ òpó ilẹ̀kùn. Ẹ wá gba ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù lọ́wọ́ dílà. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà láìyọ lẹ́tà kan. Bó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 1, 4 tàbí 5, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti tò ó. Bó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú J, Jàpáànù ni. Ẹ wá kà á láti iwájú dé ìkẹwàá: ibẹ̀ ni ọdún rẹ̀ wà. Ti 2008 jẹ́ 8, ti 2009 jẹ́ 9, ti 2010 jẹ́ A, ti 2011 jẹ́ B. Bí dílà bá ní 2008, tí ẹ sì bá 7 níbẹ̀, ọdún kan gbáko ni wọ́n fẹ́ gbowó rẹ̀ lọ́wọ́ yín láìtọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ nọ́ńbà yẹn sínú Google. Nígbà mìíràn, àwòrán mọ́tò náà látọjà gbàǹjo á yọ sí yín, pẹ̀lú imú rẹ̀ tó wó àti airbag tó tú síta. Ẹ tún lè san owó díẹ̀ fún ìwé ìtàn rẹ̀ lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ Carfax. Bí ẹ bá rí salvage nínú rẹ̀, mọ́tò tí adójútòfò ti kọ̀ sílẹ̀ nìyẹn. Ẹ wo iye tó ti rìn pẹ̀lú, kí ẹ sì rántí pé máìlì ni mọ́tò Amẹ́ríkà ń kà: 120,000 máìlì ti lé ní 190,000 kìlómítà. Bí ìwé ìtàn bá ní ó ti rìn ju iye tí ẹ rí lórí dáṣíbọ́ọ̀dù lọ lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn, wọ́n ti yí nọ́ńbà rẹ̀ padà.

Ní ti ẹ́ńjìnì, ẹ sọ fún dílà pé kó má tan mọ́tò náà kí ẹ tó dé. Bí ẹ bá dé, ẹ gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bó bá ti gbóná, wọ́n ti kọ́kọ́ tàn án kí ẹ má baà rí bó ṣe ń jí. Ẹ ní ẹ ó padà wá. Camry ọdún 2007 sí 2009 tó ní ẹ́ńjìnì 2.4 lítà ní àìsàn kan tí àwọn mẹkáníìkì mọ̀ dáadáa: ó máa ń jẹ ọ́ìlì. Ríìngì písítìn rẹ̀ ló ń jẹ́ kí ọ́ìlì yọ́ wọ ibi tí epo ti ń jó. Toyota fúnra wọn tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ fún àwọn tó ni ín ní Amẹ́ríkà fún sáà kan. Èyí tí wọ́n ti tún ṣe wà, èyí tí wọn ò tún ṣe náà wà. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì fa géèjì ọ́ìlì jáde kó wo ibi tó dé, kó sì dúró lẹ́yìn sàlẹ́ńsà nígbà tí wọ́n bá tan iná. Èéfín búlúù, ọ́ìlì ló ń jó. Èéfín funfun tí kò dáwọ́ dúró, tí ọ́ìlì sì rí bíi tíì onímílíìkì, omi ti wọ ẹ́ńjìnì. Ẹ máa bá tiyín lọ.

Kí ẹ mọ̀ bóyá ó ti mumi, ẹ fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde títí dé ìdí. Àwọn tó ń fọ mọ́tò kì í rántí ibẹ̀, ẹrẹ̀ sì máa ń fi àmì sílẹ̀ lára rẹ̀. Ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì búùtù sókè, ẹ wo kòtò tí táyà àfipamọ́ wà. Ẹ fọwọ́ kan irin abẹ́ ìjókòó bóyá ó ti dípẹtà. Òórùn lọ́fínńdà tó bá pọ̀ jù nínú mọ́tò, nǹkan kan ló ń bò mọ́lẹ̀.

Ẹ wá wà á dé ojú títì, kó rìn títí tó fi gbóná dáadáa, torí gíà tó fẹ́ kú kì í fi ara hàn nígbà tó bá tutù. Ẹ̀yin fúnra yín mọ̀ ọ́n lára Pencil Light yín. Ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì mú síkánà, ẹ̀rọ tó ń yẹ mọ́tò wò, dání. Bí ẹnì kan bá ti fi ẹ̀rọ pa iná dáṣíbọ́ọ̀dù kí ẹ tó dé, síkánà tó dáa á fi hàn pé mọ́tò náà kò tíì parí àyẹ̀wò tó máa ń ṣe fún ara rẹ̀. Ẹ wo iná airbag náà: ó yẹ kó tàn bí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́, kó sì kú láìpẹ́. Bí kò bá tàn rárá, wọ́n ti já wáyà rẹ̀. Ẹ ka nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn àmì DOT lára táyà. 2319 túmọ̀ sí pé ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é.

Ní ti ìwé, láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de kíkó mọ́tò gba orí ilẹ̀ wọlé. Mọ́tò tó bá gba ọ̀nà ẹ̀bùrú ní ibodè Ṣẹ̀mẹ̀ wá láìsan owó ibodè, kọ́sítọ́ọ̀mù lè gbà á lọ́wọ́ yín, kódà bí ẹ bá ti sanwó tán. Ẹ jẹ́ kí aṣojú tó mọ iṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù yẹ ìwé náà wò kí ẹ tó sanwó. Bó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ti lò ní Nàìjíríà, ẹ béèrè ìwé ẹ̀rí oníǹkan, kí ẹ fi wé káàdì ìdánimọ̀ ẹni tó ń tà á, kí ẹ sì jẹ́ kí ọlọ́pàá bá yín wò ó bóyá wọ́n ti kéde pé wọ́n jí i. Inú báńkì ni kí ẹ ti sanwó, sínú àkáǹtì tó bá orúkọ orí risíìtì mu. Bí ẹ bá sì fẹ́ san nǹkan sílẹ̀ lẹ́yìn àyẹ̀wò, kó wà lákọsílẹ̀ pé ẹ ó gbà á padà bí ìwé kò bá pé.

Ó wá ku tiyín, Pencil Light. Arábìnrin mi, ẹ má gba ìmọ̀ràn àbúrò ọkọ yín. Ẹ ro mọ́tò náà lójú ọ̀nà márosẹ̀ Ìbàdàn sí Èkó lálẹ́, tí ẹni tó rà á fẹ́ yà kọjá tírélà, tí gíà sì já sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ nọ́ọ̀sì lẹ mọ irú èèyàn tí wọ́n ń gbé wọ ẹ̀ka pàjáwìrì lóru. Yàtọ̀ sí èyí, bí oníbàárà bá bi yín nípa gíà tí ẹ sì purọ́, ó lè fi irọ́ yẹn gbé yín lọ sí kóòtù. Bí síkánà bá sì fi àṣírí hàn, tó sì máa fi hàn, oníbàárà kò ní gba ohunkóhun mìíràn tí ẹ bá sọ gbọ́ mọ́.

Ohun tí mo ní kí ẹ ṣe nìyí. Ẹ gbé mọ́tò lọ sọ́dọ̀ ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ gíà nìkan, kó kọ iye tí àtúnṣe máa ná yín sílẹ̀. Bóyá ọ́ìlì gíà àti fílítà lásán ló fẹ́. Nígbà náà, ẹ tún un ṣe, kí ẹ tà á ní iye tó tọ́. Bí iṣẹ́ rẹ̀ bá pọ̀, ẹ yọ owó náà kúrò nínú iye tí ẹ ń pè, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìpolówó yín gbangba pé gíà rẹ̀ ń fẹ́ àtúnṣe. Àwọn mẹkáníìkì àti àwọn tó ń wa kábúkábú máa ń wá irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ rà, torí wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń rà. Owó tí ẹ ó gbà lè dín díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò ní padà wá bá yín lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ dáàbò bo ara yín náà. Ojúmọmọ ni kí oníbàárà wá, kí ọkọ yín sì jókòó sínú mọ́tò bó bá fẹ́ wà á wò. Ẹ má gbé kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ nítorí alẹ́ẹ̀tì orí fóònù. Ẹ wọ inú áàpù báńkì yín, kí ẹ rí owó níbẹ̀. Ẹ kọ ìwé àdéhùn níwájú lọ́yà, kí ipò tí gíà wà, ọjọ́ àti aago tí mọ́tò kúrò lọ́wọ́ yín wà nínú rẹ̀, kí ẹ̀dà káàdì ìdánimọ̀ oníbàárà sì wà lọ́dọ̀ yín. Lẹ́yìn náà, ẹ bá a dé ọ́fíìsì láísẹ́ǹsì kó yí orúkọ padà sí tirẹ̀. Bí kò bá yí i padà, tí wọ́n sì fi mọ́tò náà jalè lọ́la, orúkọ yín ni ọlọ́pàá máa rí.

Ní báyìí, ẹ pe dílà yẹn. Ẹ sọ fún un pé ẹ fẹ́ nọ́ńbà ṣáṣí lónìí, pé mẹkáníìkì yín ń bọ̀, pé ẹ fẹ́ bá mọ́tò ní tútù. Bó bá gbà, ẹ lọ. Bó bá kọ̀, ẹ ti mọ ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ nípa mọ́tò yẹn láìná 500,000 náírà. Èyí tí ẹ bá sì rà níkẹyìn, ẹ má ná gbogbo owó àjọ lé e. Ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ fún ọ́ìlì, bíréèkì àti táyà, torí kò sí tòkunbọ̀ tí kò ní béèrè nǹkan kan lóṣù àkọ́kọ́. Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ fi èyí tí ẹ bá rà rìnnà ayọ̀.