SÙÚRÙ FÚN IGI TÍ KÒ TÍÌ SO

Ibi kíkà: Lúùkù 13:6–9
Ète ẹ̀kọ́: Kí a lè kọ́ láti fi sùúrù dúró ti ẹni tí a kò tíì rí èso rẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá àti arábìnrin wa nínú Olúwa, nínú ibi kíkà wa, olóko fẹ́ kí a gé igi ọ̀pọ̀tọ́ kan, nítorí pé fún ọdún mẹ́ta kò rí èso lórí rẹ̀. Olùṣọ́gbà bẹ̀bẹ̀ fún ọdún kan sí i. Kì í ṣe ẹnu lásán ni ó fi bẹ̀bẹ̀. Ó ṣe tán láti walẹ̀ yí igi náà ká, kí ó sì fi ajílẹ̀ sí i. Ìtàn obìnrin kan ní Amẹ́ríkà lè ràn wá lọ́wọ́ láti lóye èyí.

Ní 2006, Betsy Bayha gbé fíìmù kan jáde nípa ìgbésí ayé Judith Scott. Ìtàn tí ó ṣẹlẹ̀ gan-an ni. Ìbejì ni Judith àti Joyce. 1943 ni a bí wọn ní ìpínlẹ̀ Ohio. A bí Judith pẹ̀lú ohun tí àwọn oníṣègùn ń pè ní Down syndrome. Ó tún jẹ́ adití, ṣùgbọ́n wọn kò tètè mọ̀; wọ́n rò pé kò lè kọ́ ohunkóhun ni. Ní 1950, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 7, wọ́n mú un lọ sí ilé ìtọ́jú ìjọba. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí ó fi wà ní irú ibẹ̀.

Joyce kò gbàgbé èkejì rẹ̀. Ní àárín àwọn ọdún 1980 ó gba ìtọ́jú rẹ̀, ó sì mú un wá sí California. Ní 1987 ó mú un lọ sí Creative Growth ní ìlú Oakland, níbi tí àwọn aláàbọ̀ ara ti ń ṣe iṣẹ́ ọnà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún méjì tí Judith kò fi ṣe ohun kan tí ó jọjú. Síbẹ̀, wọn kò lé e. Nígbà tí ó yá, ó rí òwú, ọwọ́ rẹ̀ sì jí. Ó ń fi òwú àti aṣọ wé oríṣiríṣi nǹkan, títí ẹnikẹ́ni kò fi mọ ohun tí ó wà nínú. Kò dẹ́kun títí ó fi kú ní 2005. Iṣẹ́ rẹ̀ lé ní 200, ó sì wà nínú mùsíọ́mù ńláńlá lónìí.

Ẹ̀kọ́ fún wa:

1. Ìdúródè kì í ṣe ìkáwọ́gbera. Àwọn tí ó dúró de Judith ń gbé iṣẹ́ síwájú rẹ̀ lójoojúmọ́.

2. Kí a tó pe ọmọ ní olódo, ǹjẹ́ a ti yẹ etí àti ojú rẹ̀ wò?

3. Kì í ṣe gbogbo irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni yóò di olókìkí. Ẹ kíyè sí i pé Joyce mú Judith wálé kí ó tó di pé ó fọwọ́ kan òwú. Ìfẹ́ ni ó ṣáájú, èso ni ó tẹ̀lé e. Ìyá tí ó ń ti ọmọ rẹ̀ mọ́ yàrá nígbà tí àlejò bá dé, kí ó rántí pé Ọlọ́run kò tijú ọmọ náà.

Ìbéèrè fún ìjíròrò:
(a) Ta ni a ti sọ ìrètí nù nípa rẹ̀ nínú ilé tàbí ìjọ wa?
(b) Kí ni ẹgbẹ́ wa lè ṣe fún ìyá tí ó ń tọ́ ọmọ aláàbọ̀ ara?

Àdúrà: Olúwa, ìwọ tí o ti mú sùúrù fún wa, kọ́ wa láti mú sùúrù fún ẹlòmíràn. Àmín.