Nígbà tí Ìkànnì Kò Bá Ṣí Mọ́ lẹ́yìn Ìmúdójúìwọ̀n Kọ̀ǹpútà

Ìmúdójúìwọ̀n ni àtúnṣe tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe ètò ìpìlẹ̀ kọ̀ǹpútà, irú bíi Microsoft tó ṣe Windows, máa ń fi ránṣẹ́ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, yálà láti dí ihò tí olè lè gbà wọlé, láti tún àṣìṣe ṣe, tàbí láti fi ohun tuntun kún èyí tó wà nílẹ̀. Òun ni àwọn tó ń lo kọ̀ǹpútà ní èdè Faransé ní Bingerville àti ní gbogbo Abidjan ń pè ní mise à jour. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2003 ni Microsoft ti ń kó èyí tó pọ̀ jù nínú wọn jáde ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kejì nínú oṣù kọ̀ọ̀kan. Bí kọ̀ǹpútà bá gbà á tán, tó kú, tó sì tún jí, tí ìkànnì tí ẹni tó ni ín ń wò lójoojúmọ́ wá kọ̀ tí kò ṣí, ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn ni pé ìmúdójúìwọ̀n náà ló ba nǹkan jẹ́. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà ohun mìíràn ló fà á, ẹni tó bá sì sáré yọ ìmúdójúìwọ̀n náà kúrò ti tún ṣí ihò tí wọ́n ti dí, bẹ́ẹ̀ ni kò tún ohun tó bàjẹ́ gan-an ṣe.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré ní ìlú bíi Bingerville. Ibẹ̀ ni ìjọba amúnisìn Faransé fi ṣe olú ìlú Côte d'Ivoire láti ọdún 1900, lẹ́yìn tí àjàkálẹ̀ ibà pọ́njú lé wọn kúrò ní Grand-Bassam, títí wọ́n fi gbé olú ìlú lọ sí Abidjan ní àwọn ọdún 1930. Ìwé ìjọba tí ènìyàn ń rìn lọ gbà ní ọ́fíìsì nígbà náà, orí ìkànnì ni púpọ̀ nínú rẹ̀ wà nísinsìnyí, ibẹ̀ náà ni òbí ti ń wo èsì BEPC àti Bac, ìyẹn ìdánwò ilé ìwé girama, ti ọmọ rẹ̀. Àwọn Yorùbá tó wà ní Abidjan àti àyíká rẹ̀, tí púpọ̀ nínú wọn ti Èjìgbò wá, tún ní ìkànnì ìjọba Nàìjíríà tí wọ́n gbọ́dọ̀ ṣí bí wọ́n bá fẹ́ gba ìwé ìrìnnà. Ìkànnì tó bá tì ní ọjọ́ tí wọ́n nílò rẹ̀ lè gba àyè ọdún kan lọ́wọ́ ọmọ ilé ìwé.

Kí ojú ìwé kan tó hàn lójú kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ mẹ́ta ló ní láti tẹ̀lé ara wọn. Aṣàwákiri, ìyẹn ètò tí wọ́n fi ń wo ìkànnì, bíi Chrome, Firefox tàbí Edge, yóò kọ́kọ́ wá nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn orúkọ ìkànnì, nítorí pé orúkọ ni ènìyàn ń rántí, ṣùgbọ́n nọ́ńbà ni kọ̀ǹpútà fi ń wá kọ̀ǹpútà kàn, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó tẹ orúkọ ìyá rẹ̀ lórí fóònù tí fóònù sì pe nọ́ńbà tó wà lábẹ́ orúkọ náà. Ètò tó ń ṣe iṣẹ́ yìí káàkiri ayé ni DNS, èyí tí Paul Mockapetris, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ọmọ Amẹ́ríkà, gbé kalẹ̀ ní ọdún 1983. Lẹ́yìn náà ni ìbéèrè yóò gba ọ̀nà jáde, yóò kọjá lórí nẹ́tíwọ̀kì Orange, MTN tàbí Moov, títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí ojú ìwé náà wà nínú rẹ̀. Sáfà yóò wá fi ìwé-ẹ̀rí hàn pé òun gan-an ni ẹni tí orúkọ náà ń jẹ́. Ìwé-ẹ̀rí yìí ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó máa parí, aṣàwákiri yóò sì yẹ̀ ẹ́ wò kó tó gbà kí ojú ìwé ṣí. Orúkọ, ọ̀nà àti ìwé-ẹ̀rí ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọ̀rọ̀ tí aṣàwákiri bá sì kọ sójú kọ̀ǹpútà ló sábà máa ń sọ èyí tó kùnà, nítorí náà kíkà ni kí wọ́n kà á, kí wọ́n má ṣe kàn pa á.

Ìbéèrè tó ṣáájú gbogbo ìbéèrè ni bóyá kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ náà kàn tàbí gbogbo àdúgbò. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 12 oṣù kẹta ọdún 2024, Microsoft kó ìmúdójúìwọ̀n oṣù náà jáde. Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 14, okùn mẹ́rin tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì gba abẹ́ òkun, ìyẹn WACS, ACE, SAT-3 àti MainOne, bàjẹ́ ní etíkun Côte d'Ivoire, ìkànnì sì dákẹ́ mọ́ àwọn ènìyàn lọ́wọ́ láti Làìbéríà títí dé Gánà, orílẹ̀-èdè Benin àti Nàìjíríà, níbi tí àwọn báńkì pàápàá ti fara gbá a. Ilé-iṣẹ́ MainOne ṣàlàyé pé ibi tí okùn tirẹ̀ ti bàjẹ́ jìn tó nǹkan bíi kìlómítà mẹ́ta sísàlẹ̀ omi, tí ìdákọ̀ró ọkọ̀ tàbí àwọ̀n apẹja kò lè dé, àti pé ó ṣeé ṣe kí ilẹ̀ abẹ́ òkun ló mì. Àtúnṣe rẹ̀ gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹni tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ gba ìmúdójúìwọ̀n láàárín ọjọ́ méjì yẹn ní ìdí tó dájú lójú ara rẹ̀ láti di ẹ̀bi ru Windows, kò sì sí ohun tí ì bá ṣe sí kọ̀ǹpútà náà tí ì bá mú ìkànnì ṣí. Ọ̀nà láti mọ̀ ni kí wọ́n fi fóònù tó ń lo nẹ́tíwọ̀kì mìíràn ṣí ìkànnì kan náà, kí wọ́n sì fi kọ̀ǹpútà náà ṣí ìkànnì mìíràn. Bí ìkànnì kan ṣoṣo bá kọ̀ lórí ẹ̀rọ gbogbo, ọ̀dọ̀ sáfà ni ìṣòro wà, bó ṣe máa ń rí lọ́jọ́ tí èsì ìdánwò bá jáde tí gbogbo orílẹ̀-èdè ń ya lu ojú ìwé kan.

Bí ó bá ṣí lórí fóònù tí kò ṣí lórí kọ̀ǹpútà, aago kọ̀ǹpútà ni kí ojú kọ́kọ́ lọ sí, ó sì ṣeni láàánú pé ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fò dá gan-an nìyẹn. Aṣàwákiri tó wà ní èdè Faransé yóò kọ ọ́ pé « Votre connexion n'est pas privée », ìyẹn ni pé ìbánisọ̀rọ̀ náà kò ní ààbò, lábẹ́ rẹ̀ ni lẹ́tà kéékèèké yóò ti wà, NET::ERR_CERT_DATE_INVALID, tó túmọ̀ sí pé ọjọ́ inú ìwé-ẹ̀rí kò bá ọjọ́ òní mu. Ọjọ́ òní tí aṣàwákiri mọ̀ kò ju èyí tí aago kọ̀ǹpútà sọ fún un: bí aago bá sọ pé ọdún 2015 ni, ìwé-ẹ̀rí tí wọ́n ṣe lóṣù tó kọjá yóò dà bí èyí tí àkókò rẹ̀ kò tíì tó, gbogbo ìkànnì tó ní ààbò yóò sì tì. Bátìrì kékeré pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ń pè ní CR2032 ló ń mú aago inú kọ̀ǹpútà orí tábìlì ṣiṣẹ́ nígbà tí wọ́n bá yọ wáyà rẹ̀ kúrò lára iná. Bí bátìrì yìí bá ti kú, ọjọ́ tí iná bá lọ, tàbí tí wọ́n pa kọ̀ǹpútà náà pátápátá lẹ́yìn ìmúdójúìwọ̀n, aago yóò padà sí ọdún àtijọ́, ẹ̀bi yóò sì já lé ohun tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Ìtọ́jú rẹ̀ kò le. Nínú Windows tó ń sọ Faransé, wọ́n á ṣí Paramètres, wọ́n á wọ Heure et langue, wọ́n á wá wọ Date et heure, níbi tí wọ́n yóò ti jẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa gba àkókò fúnra rẹ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á sì tẹ Synchroniser maintenant kó lè tún aago ṣe lójú ẹsẹ̀. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń yan agbègbè aago: Côte d'Ivoire ń lo àkókò GMT, Nàìjíríà sì fi wákàtí kan ṣáájú rẹ̀, nítorí náà ẹni tó gbé kọ̀ǹpútà láti Èjìgbò wá sí Bingerville gbọ́dọ̀ yí agbègbè padà, kí ó má ṣe fi ọwọ́ fa aago sẹ́yìn. Wákàtí kan péré kì í sábà ti ìkànnì, ọdún tó yàtọ̀ ló ń tì í. Bí aago bá tún yẹ̀ lọ́jọ́ kejì, bátìrì ni kí wọ́n pààrọ̀. Ohun tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣe ni kí ó tẹ ibi tí aṣàwákiri fi sílẹ̀ fún ẹni tó bá taku pé òun yóò wọlé bẹ́ẹ̀, pàápàá lórí ìkànnì báńkì, nítorí pé ìkìlọ̀ kan náà ló máa ń jáde nígbà tí olè bá dúró sáàárín ọ̀nà.

Aago lè pé, kí ìwé-ẹ̀rí sì má wọlé síbẹ̀. Kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ní àkójọ àwọn tó gbẹ́kẹ̀ lé láti fọwọ́ sí ìwé-ẹ̀rí, ìmúdójúìwọ̀n ló sì ń sọ àkójọ náà di tuntun. Let's Encrypt, àjọ tí kì í wá èrè, tó ń fún ìkànnì ní ìwé-ẹ̀rí lọ́fẹ̀ẹ́ láti ọdún 2015, gbára lé ìwé-ẹ̀rí àgbà kan tí wọ́n ń pè ní DST Root CA X3, tí wọ́n ṣe ní ọdún 2000. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, ní aago méjì ọ̀sán kọjá ìṣẹ́jú kan ní àkókò Abidjan, ìwé-ẹ̀rí àgbà náà parí. Ẹ̀rọ tó ti gba àkójọ tuntun kò mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn kọ̀ǹpútà àtijọ́, bíi Mac tí ètò rẹ̀ kò kọjá ti ọdún 2015, àti iPhone tí ètò rẹ̀ kò tíì dé iOS 10, bá ìkànnì púpọ̀ tó tì mọ́ wọn lọ́wọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ kan náà. Àìgba ìmúdójúìwọ̀n ni àìsàn tiwọn. Ẹ̀kọ́ yìí kan àwọn kọ̀ǹpútà tòkúnbọ̀, ìyẹn France au revoir ti àwọn ará Abidjan, tí Windows 7 ṣì wà lórí àwọn kan nínú wọn: ọjọ́ 14 oṣù kìíní ọdún 2020 ni Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú rẹ̀ dúró, Chrome náà sì fi í sílẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀dà 109. Ohun tó lè ran irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ fúngbà díẹ̀ ni Firefox ẹ̀dà 115 ESR, nítorí pé Firefox ń gbé àkójọ tirẹ̀ kiri, kò dúró de ti Windows.

Àwọn àṣìṣe yòókù kò gba àlàyé púpọ̀. Bí aṣàwákiri bá kọ DNS_PROBE_FINISHED_NXDOMAIN, orúkọ ni kò rí. Wọ́n á pa rúútà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì nínú ilé, kí wọ́n sì tún un tàn, tàbí kí wọ́n ṣí Invite de commandes kí wọ́n kọ ipconfig /flushdns, kí kọ̀ǹpútà lè gbàgbé nọ́ńbà àtijọ́ tó há sórí. Bí ó bá dárúkọ proxy, kọ̀ǹpútà ń gbìyànjú láti gba ọ̀dọ̀ alárinà kan tí kò sí níbẹ̀ mọ́, ní Réseau et Internet sì ni wọ́n ti ń pa á. Áńtífáírọ́ọ̀sì tó ń yẹ ohun tó ń wọlé wò náà lè bá Windows tuntun jà, nítorí náà òun fúnra rẹ̀ ní láti gba ìmúdójúìwọ̀n tirẹ̀.

Ìgbà mìíràn wà tí ìmúdójúìwọ̀n jẹ̀bi ní tòótọ́. Èyí tí Microsoft kó jáde fún Windows 11 ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ KB5066835, ti àwọn ìkànnì tó ń ṣiṣẹ́ láti inú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, irú èyí tí àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ ìkànnì àti àwọn ètò iléeṣẹ́ kan ń lò, ERR_CONNECTION_RESET sì ni ohun tó ń hàn. Microsoft gbà pé bẹ́ẹ̀ ni, ó fi àtúnṣe ránṣẹ́, ó sì ní kí àwọn ènìyàn tún wá ìmúdójúìwọ̀n tuntun kí wọ́n sì tún kọ̀ǹpútà tàn. Ọ̀nà yẹn ló dára jù láti kọ́kọ́ gbà. Bí kò bá ṣiṣẹ́, wọ́n lè wá nọ́ńbà KB ti ọjọ́ náà nínú ìtàn Windows Update kí wọ́n yọ ẹyọ kan yẹn nìkan, kí wọ́n sì padà gba èyí tó bá tẹ̀lé e nígbà tó bá dé. Ẹni tó bá fẹ́ gbé kọ̀ǹpútà lọ sọ́dọ̀ alátúnṣe yóò fi fóònù ya àwòrán ọ̀rọ̀ tó hàn lójú rẹ̀, yóò sì kọ nọ́ńbà KB náà àti ọjọ́ tó wọlé sínú ìwé kan, nítorí pé ìyẹn ni alátúnṣe yóò kọ́kọ́ béèrè.